Ẹni Tó Dúró Létí Fọ́tò

"Kọ́pà, ṣé ẹ̀rọ ẹ yìí lè mú kí Mama hàn nínú tẹlifíṣàn?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2005, ní Trans-Nkisi nílùú Onitsha. Onílé mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Chief, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo ń gbé ní bọ́ìsì kọ́tà rẹ̀. Ó fi apá méjèèjì gbá agolo bisikíìtì àtijọ́ kan mọ́ àyà. Ìyá rẹ̀ ti kú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wà ní mọ́ṣúárì, wọ́n sì ti dá ìsìnkú sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní kí àwọn ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà lè bá a. Fọ́tò ló kún inú agolo náà. Ohun tí Chief fẹ́ ni pé ní alẹ́ àìsùn, kí gbogbo ẹni tó bá jókòó lábẹ́ kánópì máa wo Mama láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, pẹ̀lú orin.

Mo ní ó ṣeé ṣe. N ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ilé ọ̀fẹ́, tí wọ́n tún ń bu ọbẹ̀ ewúro fún lálaalẹ́, ẹnu ẹ̀ ò lè gba "mi ò mọ̀ ọ́n ṣe".

Odò Nkisi ló fún àdúgbò yẹn lórúkọ. Odò kékeré tó ń wọ́ lọ bá Odò Ọya ni. Ẹni tó bá ti àárín ìlú bọ̀, tó sọdá rẹ̀, ó ti dé Trans-Nkisi nìyẹn. Onitsha tí gbogbo ayé mọ̀, ti Main Market àti Upper Iweka, níbi tí ọkùnrin mẹ́ta á ti jọ dì ẹ́ lápá mú pé bọ́ọ̀sì tàwọn ni kí o wọ̀, òdìkejì odò ló wà sí wa. Lọ́dọ̀ tiwa, fẹ́ǹsì gíga, géètì onírin àti jẹnẹrétọ̀ ni. Bí NÉPÀ bá ti mú iná lọ (ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí PHCN, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?), jẹnẹrétọ̀ ilé kan á bú, tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á dá a lóhùn, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé gbogbo òpópónà ti ń hó.

Agùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà, ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò sọdá Ọya rí. Ọjọ́ tí ìwé dé pé Anambra ni wọ́n gbé mi lọ, màámi sunkún bíi pé ojú ogun ni mò ń rè. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ni wọ́n fi mí sí pé kí n máa kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ò sí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ya bọ́tìnnì sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa fi ìka tẹ afẹ́fẹ́. Kọ̀ǹpútà tí mo ní, tèmi fúnra mi ni, Pentium 3 tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ọ̀tìgbà n'Ìkẹjà, tí mo sì gbé sórí itan nínú bọ́ọ̀sì láti Jíbówú títí a fi sọdá afárá. Àwọn ọmọ inú ọgbà wa ń pè mí ní Ngbati. Wọ́n ní gbólóhùn Yorùbá kan kì í parí kí "ńgbà tí" má wọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú láti jiyàn, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi, "ńgbà tí" ló fi bẹ̀rẹ̀.

Chief fúnra rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé pé Yorùbá kan wà lára àwọn tó gbé ìjọ náà dé. Kò purọ́. Ọdún 1857 ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, bá ọkọ̀ ojú omi gba Odò Ọya dé Onitsha, òun àti John Christopher Taylor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Sàró. "Crowther gbé Bíbélì wá," Chief á wí, "ìwọ gbé kọ̀ǹpútà wá. Ẹ jẹ́ ká máa wo èyí tó máa pẹ́ jù nínú méjèèjì."

Fọ́tò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà nínú agolo yẹn. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n yà lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ẹ rántí pé oṣù Kẹwàá ọdún 1967 ni wọ́n ti fọ́ lára afárá Odò Ọya, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹta ọdún 1968, Onitsha ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ń sá lọ, garí ló ń dì, kì í di álúbọ́ọ̀mù. Ẹyọ fọ́tò kan péré ni Mama dì sínú ọ̀rá, tó so mọ́ ìdí ìró, tó sì gbé lọ gbé bọ̀. Wọ́n fi gègé kọ 1964 sẹ́yìn rẹ̀.

Mo ṣì lè ya fọ́tò yẹn lójú orun. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí rẹ̀ funfun, wọ́n sì gé e ní sán-ín-sán-ín bí eyín ayùn. Bàbá jókòó sáàárín lórí àga onígi. Mama dúró lápá ọ̀tún, Chief tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lápá òsì, létí pátápátá, bíi pé ẹni tó ya fọ́tò náà gbàgbé rẹ̀ díẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọbìnrin kékeré kan. Ìyàwó kejì ni. Àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló kú sí. Mama ló tọ́ ọmọbìnrin yẹn dàgbà, òun náà ló sì di ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, tó ń ta aṣọ ní Main Market, tó ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Kò sí fọ́tò ìyá rẹ̀ mìíràn láyé.

Mo kó gbogbo wọn lọ sí bísíńẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọ́n fi síkáánà gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà fún mi. PowerPoint ni mo mọ̀, PowerPoint ni mo sì lò. Láti ọdún 1987 ló ti wà. Àwọn tó ń ṣèpàdé ní ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àwọn tó ń ṣàìsùn òkú. Mo jẹ́ kí lẹ́tà máa fò wọlé láti òsì, mo jẹ́ kí fọ́tò máa yí bírípó kó tó jókòó. Ó wù mí gan-an. Ojú mi ò tíì là. Nígbà tí mo ṣí i fún àwọn ará ilé, wọ́n rọ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà oníínṣì 15 yẹn débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn ń gun ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú. Èèyàn mẹ́sàn-án péré ni wọ́n! Àwọn tí yóò wá sí àìsùn yóò tó ọ̀ọ́dúnrún. Prójẹ́kítọ̀ wà ní ìlú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ní ká fi háyà rẹ̀ fún alẹ́ kan, Chief ní òun lè fi ra ewúrẹ́ méjì. Tẹlifíṣàn ńkọ́? Ó wà nínú gbogbo ilé, ẹ̀rọ VCD sì wà lábẹ́ rẹ̀. Inú síídì ló kàn tí a ó gbé Mama sí.

Ní ti èmi, ìyẹn ò ṣòro. Mo da fáìlì PowerPoint náà sínú síídì bí ẹni da garí sínú àpò, mo gbé e lọ sí pálọ̀. Ẹ̀rọ VCD gbé e mì, ó ń yí i, ó ń yí i, ó kọ NO DISC síta. Mo yọ ọ́, mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, mo tún tì í wọlé. NO DISC. Mo ti ọwọ́ ara mi fi síídì síbẹ̀ o! Ọmọ Chief tó kéré jù ló sọ̀rọ̀: "Ngbati, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Iweka Road ni mo ti rí ẹni tó là mí lójú. Nígbà náà, bí Ìdúmọ̀tà ṣe jẹ́ ọjà fíìmù n'Ékòó ni Iweka Road, pàápàá nọ́ńbà 51, ṣe jẹ́ l'Ónitsha. Àwa Yorùbá máa ń fẹ́ sọ pé àwa la kọ́kọ́ ń ṣe fíìmù, wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà lọ́jú ju bẹ́ẹ̀ lọ: Kenneth Nnebue tó gbé Living in Bondage jáde lọ́dún 1992, fíìmù Yorùbá ló ti ń náwó lé kó tó ṣe ti Ìgbò. Kí fíìmù sì tó dé rárá ni Onitsha ti ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ tà. Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ti jáde láti ọdún 1956. Ìlú àdàkọ ni. Nǹkan á wọlé lẹ́yọ kan, á jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọmọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ kéré sí mi. Ó jókòó sáàárín àwọn ẹ̀rọ tó ń da síídì kọ, wọ́n to wọ́n léra bí ilé olókè, gbogbo wọn ń kùn. Mo ṣàlàyé wàhálà mi. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ̀rọ inú pálọ̀ kò mọ̀wé," ó ní. "Fíìmù nìkan ló mọ̀ ọ́n wò. Lọ sọ fọ́tò ẹ di fíìmù."

Gbogbo ìmọ̀ tí mo gbà ní yunifásítì kò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan fún mi tó báyẹn. Láti ọdún 1993 ni Philips, Sony, Matsushita àti JVC ti fẹnu kò lórí bí VCD yóò ṣe rí. Ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀ Chief, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí yẹn nìkan ló mọ̀. Tẹlifíṣàn tiwa sì ń fẹ́ àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fọ́tò tí kò mira, tí mo bá fẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, àádọ́jọ ìgbà ló máa gba iwájú kọjá. Mo béèrè pé ṣé àádọ́jọ fọ́tò ni kí n wá kó sínú síídì fún ẹyọ kan ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, kọ̀ǹpútà gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: á kọ àkọ́kọ́ dáadáa, èyí tó tẹ̀lé e á kàn sọ pé "bí ti iwájú mi". Ó fún mi ní Nero, ètò tí wọ́n fi ń kọ síídì, nínú síídì kan, ó sì kìlọ̀ pé tí mo bá fẹ́ kọ ọ́, kí n má sáré. Ẹ̀rọ mi lè sá dé 52, kí n fi í sí 8. Ẹ̀rọ tó ti gbó, ohun tí wọ́n rọra kọ ló máa ń rí kà.

Mo padà sílé, mo sọ ojú ìwé PowerPoint kọ̀ọ̀kan di fọ́tò lásán kí Nero lè sọ wọ́n di fíìmù. Gbogbo fífò tí lẹ́tà ń fò, gbogbo yíyí tí fọ́tò ń yí, ó pin síbẹ̀. Mo kẹ́dùn wọn lọ́jọ́ yẹn. Lónìí, mo dúpẹ́.

Bọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe kíkọ síídì, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ìtànṣán iná kékeré kan ló ń jó àmì tí ojú ò lè rí sára aró tó wà nínú rẹ̀. Nínú èdè tiwa, jó kan náà ló wà fún iná àti fún ijó. Síídì mi jó títí, kò jó. Bí iṣẹ́ bá ti dé ìdajì tí NÉPÀ bá mú iná, síídì yẹn ti di ohun ìṣeré nìyẹn, èèyàn ò lè tún nǹkan kọ lé e mọ́. Márùn-ún bàjẹ́ láàárín alẹ́ méjì. Àwọn ọmọdé gbà wọ́n, wọ́n so wọ́n mọ́ táyà kẹ̀kẹ́, oòrùn ọyẹ́ ń ta sí wọn, wọ́n ń tàn yinrinyinrin káàkiri ọgbà. Ní alẹ́ kẹta Chief ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ńlá nítorí tèmi nìkan, ó sì gbé àga wá jókòó tì mí, ó ń wo ìlà kékeré tó ń gùn lójú kọ̀ǹpútà. Àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, ó na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bíi pé mo bímọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kìíní 2006 la dán an wò. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dé, pálọ̀ kún dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mama jáde lójú tẹlifíṣàn, ariwo sọ. Mo fara ti ògiri, mo káwọ́ gbera.

Èmi nìkan ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ò rí bó ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà. Nínú àwọn fọ́tò aláwọ̀, fìlà pupa àwọn olóyè ń ṣàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ó ń ṣàn, bí epo pupa tó kán sórí aṣọ àlà, pupa náà kọjá etí fìlà ó wọ iwájú orí olóyè. Wáyà yẹ́lò kan ṣoṣo ló ń gbé àwòrán láti inú ẹ̀rọ bọ́ sínú tẹlifíṣàn, gbogbo àwọ̀ ló há mọ́ ibẹ̀, pupa ló sì máa ń ya jù. Léèsì tí àwọn obìnrin wọ̀ ti di wóróbo-wóróbo, bí ẹ̀kọ tí kò dì. Fọ́tò tí wọ́n yà ní wáídì ńkọ́? Àwọn tó ga, tí wọ́n dúró sí ìlà ẹ̀yìn, orí wọn ti lọ. Mo ń ṣírò bí mo ṣe máa tún un ṣe nígbà tí ti 1964 yọ.

Bàbá wà láàárín. Mama wà lọ́tùn-ún. Lápá òsì, ìdajì ọmọbìnrin kékeré kan ló kù, àti ọwọ́ kan lórí èjìká rẹ̀. Ọwọ́ lásán, tí kò lólúwa.

Àǹtí dìde. Kò pariwo. "Ta ló gé ìyá mi kúrò?"

Fọ́tò tó kàn ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Mo la ẹnu pé n ò fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í ṣe èmi ló ń wò. Chief ló ń wò. Chief náà ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan láti Amẹ́ríkà sọ gbólóhùn kan ní Ìgbò tí kò yé mi, obìnrin àgbà kan sì fèsì kíkan. Mo ti gbé nílé yẹn fún oṣù mélòó kan tí mo ń rò pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́, láìgbọ́ èdè, pé ilé olórogún ni, àti pé ìbéèrè Àǹtí ti pẹ́ ju síídì mi lọ.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo sáré. Mo yọ wáyà lára kọ̀ǹpútà, mo gbé àpótí rẹ̀, ọmọ kan gbé ojú rẹ̀, a kó o wá sí pálọ̀, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn. Ó gba kọ̀ǹpútà yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jí, n ò rí ìṣẹ́jú tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Mo ṣí fọ́tò 1964. Ìyàwó kejì dúró síbẹ̀, odindi, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wò wá. Mo dá síídì náà dúró síbi kan náà lójú tẹlifíṣàn.

Àǹtí wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó sún mọ́ tẹlifíṣàn, ó fi ìka tẹ ibi tí gíláàsì ti pàdé ike, ó sì tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣé ó wà lẹ́yìn ibí?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, Àǹtí.

Òótọ́ sì ni. Àwọn tó ṣe tẹlifíṣàn alágbárí ńlá ayé ìgbà yẹn mọ̀ pé iná kì í dúró sójú kan, pé ẹ̀rọ á sì máa gbó. Kí etí àwòrán má baà máa yọ dúdú sójú, wọ́n jẹ́ kí tẹlifíṣàn máa ya àwòrán kọjá etí gíláàsì ara rẹ̀ lápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó bá bọ́ sẹ́yìn ike, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹni tó ń ka ìròyìn, àárín ló ń jókòó sí, kò kàn án. Bọ́ọ̀lù, àárín ló wà. Fọ́tò ẹbí nìkan ni ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ dúró létí, gbogbo wa la sì mọ irú ẹni tí wọ́n máa ń sọ fún pé kó sún díẹ̀ sí i.

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dín pupa kù nínú àwọn fọ́tò aláwọ̀ títí fìlà fi padà sórí olóyè. Mo wá yọ ààyè dúdú yí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ká, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ pé òkùnkùn ni tẹlifíṣàn máa rí jẹ. Àwọn kan ráhùn pé ojú àwọn kéré. Chief ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ìjà mìíràn tún wà lórí ìṣẹ́jú àáyá: ọ̀kan ní fọ́tò ìgboyè òun sáré kọjá, èkejì ní ti àbúrò òun pẹ́ jù. Mo búra fún wọn pé mẹ́fà mẹ́fà ni mo fún oníkálukú. Irọ́ ni. Mo fún fọ́tò 1964 ní méjìlá. Iṣẹ́ náà wá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ ààbọ̀ gééré, kò sì sẹ́ni tó béèrè bí mo ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀.

Alẹ́ àìsùn, a gbé tẹlifíṣàn méjì sórí tábìlì lábẹ́ kánópì, a fi páálí bo ẹ̀yìn wọn nítorí ìrì. Wọ́n kọrin ìjọ, ẹgbẹ́ obìnrin jó wọlé, wọ́n jó jáde, síídì náà ń yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò Mama kan, arúgbó kùjọ́kùjọ́, gba rìmóòtù lọ́wọ́ ọmọ kan, ó béèrè èwo ló ń dá a dúró, láti ìgbà náà lọ kò jẹ́ ká gbádùn mọ́: ó bá rí ẹni tó mọ̀, á tẹ̀ ẹ́, á sọ ìtàn ẹni yẹn tán pátápátá kó tó tú wa sílẹ̀. Àǹtí ò jókòó wò ó. Ìdí ìkòkò ìrẹsì ló wà. Ṣùgbọ́n bó bá ti ku bí fọ́tò méjì kó kàn án, á nu ọwọ́, á wá dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, á wò ó, á padà sídìí ìkòkò. Kò tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. N ò mọ bó ṣe ń mọ̀.

Síídì mẹ́fà làwọn ará Amẹ́ríkà kó lọ sí Houston. Kò pé oṣù kan tí fóònù fi dé pé àwòrán ò dúró, ó ń yí gbirigbiri, kò sì ní àwọ̀. Ìlà 625 ni tẹlifíṣàn tiwa ń yà nígbà náà, tiwọn ń ya 525. Ẹ̀rọ wọn ò gbọ́ èdè tiwa. Mo ní kí wọ́n kì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn gbogbo òógùn tí mo là láti yọ ọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà!

Mo kúrò ní Trans-Nkisi ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006. Bíbélì Crowther ṣì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tèmi kò lò ju ọdún méjì sí i tí háàdì díìsìkì inú rẹ̀ fi kú, gbogbo fọ́tò tó wà níbẹ̀ sì bá a lọ. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ èyí kò tilẹ̀ ní ihò tí èèyàn lè ki síídì bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, fídíò kan dé sórí WhatsApp mi láti orí nọ́ńbà tí n ò mọ̀. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ ọmọ ilé yẹn, n ò béèrè ìyá tó bí i. Ó ní òun rí síídì kan tí wọ́n kọ "Mama" sí lára nínú àpótí aṣọ, òun sì fún ẹnì kan tó bá òun gbé e sórí fóònù, Àǹtí ló fún òun ní nọ́ńbà mi. Mo ṣí i. Lórí fóònù, tí kì í jẹ etí àwòrán, gbogbo wọn jókòó sáàárín òkùnkùn, wọ́n kéré bíi sítáàǹpù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí dúdú pọ̀ yí wọn ká báyìí?" ó kọ ọ́. "Mo fẹ́ gé e kúrò kí ojú wọn lè tóbi. Ṣé kí n gé e?"

Mo ní kó dúró ná. Mo ní kó dá a dúró síbi fọ́tò 1964, kó wo apá òsì, ẹni tó wà létí pátápátá.